Òfin Tí Noreen Ollerenshaw Jà Fún

Ọdún mọ́kànlélógún ni Noreen Ollerenshaw fi se oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Monkdale, ìlú kékeré kan láàárín àwọn òkè Derbyshire, níbi tí eruku òkúta funfun ti máa ń bà lé ewé, lé ojú fèrèsé, lé aṣọ tí èèyàn bá sá síta. Obìnrin kúkurú ni, ọwọ́ rẹ̀ tóbi, ohùn rẹ̀ kò sì ga. Àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ jẹ kọ́sítáàdì rẹ̀ ti di ẹni tó ń fa ọmọ tiwọn lọ́wọ́ wá sí ilé ìwé kan náà, wọ́n sì ṣì ń pè é ní Mísíìsì O. Kò sí ohun tó jọ ìjà lára rẹ̀. Bí wọ́n bá fún un ní ẹran tó ti ń rùn ní ṣọ́ọ̀bù, ó lè dà á nù láìsọ̀rọ̀, kó má baà dójú ti ẹni tó tà á.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kejì ọdún 1996, ó ń bó pòtétò lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀gá ilé ìwé wọ ilé ìdáná. Ọ̀gá náà kì í wọ ibẹ̀ lásìkò iṣẹ́. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, kò mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ sí.

"Noreen, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọ̀bẹ yẹn sílẹ̀."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Wọ́n pè láti Brockhurst. Derrick ni."

Brockhurst ni iléeṣẹ́ ńlá tó ń fọ́ òkúta lẹ́yìn ìlú. Derrick, ọkọ Noreen, ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún mẹ́tàdínlógún. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, òkúta há sí abẹ́ bẹ́líìtì gígùn tó ń gbé òkúta lọ sínú ẹ̀rọ, wọ́n sì ní kí Derrick wọ abẹ́ rẹ̀ lọ yọ ọ́. Ó yẹ kí wọ́n ti iná ẹ̀rọ náà pa kí wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í, kí ẹnikẹ́ni má baà lè tan án nígbà tí èèyàn bá wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgádágodo yẹn ti bàjẹ́ láti oṣù márùn-ún sẹ́yìn. Ẹni tó wà lókè kò rí Derrick. Ó tan ẹ̀rọ. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì ni Derrick.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, ọ̀gá kan wá láti London, Ọ̀gbẹ́ni Lascelles, tòun ti kóòtù dúdú àti òdòdó tó pọ̀ ju ti gbogbo ẹbí lọ. Ó di Noreen lọ́wọ́ mú, ó ní gbogbo Brockhurst ló ń ṣọ̀fọ̀. Noreen dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, nígbà tí ẹjọ́ dé kóòtù ńlá ní Derby, ó tún rí Ọ̀gbẹ́ni Lascelles, ó gbọ́ gbogbo ohun tó sọ níbẹ̀, ó sì ka ìdúpẹ́ yẹn sí ara àwọn nǹkan tí ì bá wù ú kó lè gbà padà.

Ohun tó jáde ní kóòtù rèé. Fọ́máànù Derrick kọ̀wé sí máníjà pé àgádágodo ti bàjẹ́. Máníjà sọ fún ọ́fíìsì àgbègbè. Ọ́fíìsì àgbègbè ní àwọn fi í ránṣẹ́ sí London. London, láti ẹnu Ọ̀gbẹ́ni Lascelles, ní àwọn ò rí nǹkan kan gbà. Adájọ́ tẹ́tí sí gbogbo rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó sì sọ fún kóòtù pé, bí òfin ṣe wà, a kò lè dá iléeṣẹ́ lẹ́bi ìpànìyàn àfi bí a bá rí ẹnì kan pàtó lókè pátápátá tí òun fúnra rẹ̀ jẹ̀bi. Kò rí ẹni náà. Ẹ̀sùn ìpànìyàn wọmi. Wọ́n bu owó ìtanràn lé Brockhurst pé ó rú òfin ààbò ibi iṣẹ́, ó parí.

Lọ́yà ìjọba bá Noreen ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin ni, ojú sì ń tì í.

"Ta ló wá pa á?" Noreen bi í.

"Gbogbo wọn ni, Mísíìsì Ollerenshaw. Ibi tí wàhálà wà gan-an nìyẹn. Òfin yìí mọ bí wọ́n ṣe ń mú ẹnì kan. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń mú gbogbo wọn."

"Ká ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ló ń ṣiṣẹ́ fún ńkọ́? Ọ̀gá kan, òṣìṣẹ́ mẹ́rin?"

"À bá ti mú un," ó wí.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló yí Noreen padà. Òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jókòó sínú ọkọ̀ níwájú kóòtù, òjò ń rọ̀, ó sì sọ fún un pé, "Roland, bí wọ́n bá kéré ni wọ́n ì bá jẹ̀bi. Títóbi tí wọ́n tóbi ló gbà wọ́n."

Roland Bagshaw ni àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo. Ọdún mẹ́fà ni Noreen fi jù ú lọ, òun ló sì gbé e pọ̀n jù nígbà tí ìyá wọn ń ṣàìsàn. Roland ní ọgbà kékeré kan nísàlẹ̀ odò, níbi tí òun àti àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́jọ ti ń fi ayùn ńlá la òkúta sí pẹlẹbẹ: òkúta orí tábìlì ilé ìdáná, ti ẹnu ọ̀nà, ti orí ibojì. Èèyàn tó ń rẹ́rìn-ín sókè ni, ó sanra, kì í pẹ́ gbàgbé ìbínú. Òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ òkúta ibojì Derrick, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kàn án.

Fún ọdún mẹ́wàá, Noreen ń jà. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé ó kọ lẹ́tà kan sí ìwé ìròyìn, obìnrin kan tó ń jẹ́ Philomena Kehoe sì fèsì láti Liverpool, ẹni tí ọmọ rẹ̀ já láti orí òrùlé tí wọn ò dáàbò bò. Àwọn méjèèjì rí ẹlòmíì. Wọ́n di ogún, wọ́n di ọgọ́ta. Ní ọjọ́ tí ilé ìwé bá wà nísinmi, Roland á fi ọkọ̀ gbé Noreen lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin ní Chesterfield, Noreen yóò sì wọkọ̀ lọ sí London pẹ̀lú sáńwíìṣì tó dì sínú bébà, wọ́n á lọ dúró níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, wọ́n á gbé àwòrán òkú wọn sáyà. Noreen tí kì í lè dá ẹran padà kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ níwájú àwọn aṣòfin. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún un pé àwọn ń gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò.

"Ẹ ti ń gbé e yẹ̀ wò láti ìgbà tí irun mi ti dúdú, sà," ló fún un lésì. "Ẹ wo orí mi."

Òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2008. Láti ìgbà yẹn, kò di dandan kí wọ́n wá ẹnì kan ṣoṣo mọ́. Bí èèyàn bá kú nítorí pé àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ fi ìwà àìbìkítà tó burú jáì ṣètò iṣẹ́ wọn, wọ́n lè pe iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ lẹ́jọ́ ìpànìyàn. Kò lè padà sẹ́yìn dé ọ̀dọ̀ Derrick. Noreen ti mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ náà, Roland gbé kéèkì wá sí ilé rẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ àti gbogbo òṣìṣẹ́ ọgbà. Ó gun orí àga.

"Ẹ dákẹ́, ẹ gbọ́! Ẹ wo Noreen wa, ẹni tí ò lè pa eṣinṣin. Ó ti fi okùn sọ́rùn àwọn ọlọ́lá London!"

"Sọ̀ kalẹ̀, Roland, kó o má fọ́ àga mi."

"Bí mo bá já, màá pe àga lẹ́jọ́!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Gareth Heathcote, ẹni tó ń wa ẹ̀rọ agbẹ́rù ní ọgbà Roland, ló rẹ́rìn-ín jù. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ẹni ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀, ó máa ń súfèé sí iṣẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ títí àwọn tó kù á fi ní kó dákẹ́.

Nígbà tí Noreen fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìdáná, ilé sú u. Roland ní kó máa wá sí ọgbà lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀, kó máa gbé fóònù, kó máa tẹ lẹ́tà, kó máa po tíì. Ó gbádùn rẹ̀. Ó mọ ohùn gbogbo oníbàárà. Ó mọ̀ pé ṣúgà mẹ́ta ni Gareth ń mu, àti pé ìyàwó rẹ̀, Tamsin, ò gbọdọ̀ gbọ́.

Nínú ọgbà yẹn, wọ́n máa ń fi àwọn òkúta pẹlẹbẹ ti ara férémù irin. Òkúta kan lè wúwo tó màlúù, ó sì tinrin débi pé bí èèyàn bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, kò ní kà á sí. Ó yẹ kí férémù ní ọ̀pá irin níwájú tí yóò di òkúta mú, kó má baà ṣubú síwájú. Àwọn férémù Roland ti gbó. Wọ́n ti gé púpọ̀ nínú àwọn ọ̀pá náà kúrò nítorí pé wọ́n ń dí ẹ̀rọ agbẹ́rù lọ́wọ́.

Ní oṣù kẹta ọdún 2012, òkúta kan ṣubú. Kò sí èèyàn nítòsí. Ariwo rẹ̀ mi fèrèsé ọ́fíìsì, Noreen sì sáré jáde. Òkúta ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ ní ibi tí àwọn ọkùnrin máa ń gbà kọjá lọ mu tíì.

"Roland," ó wí, "èèyàn ì bá kú níbẹ̀ yẹn."

"Mo mọ̀. Mo rí i." Ojú rẹ̀ ti funfun. "Kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣe férémù. Ní kí wọ́n sọ iye tí wọ́n máa gbà fún tuntun, gbogbo ẹ̀ pátá."

Noreen tẹ lẹ́tà náà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òkúta kan ti ṣubú, pé kò sí ọ̀pá ìdènà, pé ọ̀rọ̀ náà jẹ́ kánjúkánjú. Roland mú un láti fọwọ́ sí i. Ó kà á, ó nu ẹnu, ó sì dá a padà fún un láìfọwọ́ sí i.

"Jẹ́ ká kọ́kọ́ parí iṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì Buxton. Bí wọ́n bá kó férémù kúrò nílẹ̀ báyìí, a ò ní bá ọjọ́ tá a dá fún wọn. Fi sínú dúrọ́ọ̀ ná."

"Roland."

"Oṣù mẹ́ta péré, Noreen wa. Màá sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n máa ṣọ́ra."

Ó fi sínú dúrọ́ọ̀. Ní gbogbo ọdún tó kù nínú ayé rẹ̀, ibẹ̀ ló máa ń padà sí nínú ọkàn rẹ̀: àìdáhùn rẹ̀. Ẹni tó ti bá àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀ lójúkojú, tí kò sì wárìrì, kò lè bá àbúrò rẹ̀ jà lórí dúrọ́ọ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé Roland kì í ṣe Brockhurst. Roland mọ orúkọ ọmọ gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì ku ọ̀sẹ̀ kan kó parí nígbà tí òkúta méjì ṣubú lu Gareth Heathcote. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni, oòrùn ń ràn. Noreen ń da omi gbígbóná sínú ife. Ó gbọ́ ariwo tó ti gbọ́ rí, lẹ́yìn náà kò gbọ́ ìsúfèé mọ́. Àwọn ọkùnrin mẹ́fà gbé òkúta náà pẹ̀lú ọwọ́ lásán kí ẹ̀rọ tó dé. Roland wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń pe Gareth, ó ń pè é, títí àwọn oníṣẹ́ ìlera fi fà á dìde.

Ọlọ́pàá dé, àwọn olùbẹ̀wò ìjọba tó ń rí sí ààbò ibi iṣẹ́ náà dé. Wọ́n ti ọgbà pa. Ní ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ọ́fíìsì wò, Roland wá bá Noreen nílé. Kò jókòó.

"Lẹ́tà yẹn," ó wí.

"Ó wà nínú dúrọ́ọ̀, níbi tó o ní kí n fi í sí."

"Ta ló tún mọ̀ nípa ẹ̀?"

"Èmi àti ìwọ."

"Kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì wà lọ́wọ́ rẹ." Ó ń wo ilẹ̀. "Wọn ò tíì dé ibẹ̀. Noreen wa, ọkùnrin mẹ́jọ ló ń jẹun níbẹ̀. Méje báyìí. Bí wọ́n bá rí ìwé yẹn, ó tán. Èmi kọ́ ni Brockhurst. Ìwọ fúnra rẹ mọ̀ pé èmi kọ́ ni Brockhurst."

"Mo mọ̀."

"Mo fẹ́ràn ọmọ yẹn."

"Mo mọ̀, Roland. Ṣùgbọ́n kí lo fẹ́ kí n sọ fún Tamsin?"

Ó jáde, ó sì gbàgbé láti pa ilẹ̀kùn dé. Noreen jókòó síbi tó wà, atẹ́gùn ń wọlé, tíì tó pò fún un sì tutù lórí tábìlì. Ó wá sí i lọ́kàn pé ó ti pẹ́ tó ti ń ronú nípa ẹni tó wà ní ọ́fíìsì àgbègbè Brockhurst, ẹni tó mọ̀ nípa àgádágodo tí kò ṣe nǹkan kan. Ó ti máa ń rò pé ojú ẹni yẹn á le, á tutù. Kò rò ó rí pé ẹni yẹn lè jẹ́ obìnrin tó ń po tíì.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó lọ bá olùbẹ̀wò ìjọba ní ẹnu géètì ọgbà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Pargeter, ó sì ní kó ṣí dúrọ́ọ̀ kẹta. Nígbà tó ti ka lẹ́tà náà, Noreen ní, "Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀. Mo mọ̀ fún oṣù mẹ́ta, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Mísíìsì Ollerenshaw, ẹ̀yin kọ́ ni ọ̀gá ibí."

"Ẹ ṣáà kọ ọ́ sílẹ̀."

Ọdún méjì kọjá kí ẹjọ́ tó dé. Ilé ẹjọ́ kan náà ni, ní Derby. Ẹ̀sùn ìpànìyàn ni, lábẹ́ òfin tuntun, iléeṣẹ́ Bagshaw ni wọ́n sì pè. Àwọn lọ́yà Roland gbìyànjú láti fi hàn pé Gareth gba ibi tí kò yẹ kó gbà. Wọ́n pe Noreen láti jẹ́rìí fún ìjọba. Roland jókòó lápá òsì, ó wọ aṣọ tó wọ̀ níbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, ó ti fọn, kò sì gbójú sókè. Lọ́yà rẹ̀ dìde, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ tó ní ohùn dídùn.

"Mísíìsì Ollerenshaw, ṣé òótọ́ ni pé ẹ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wá bí òfin yìí ṣe máa rí ẹni mú?"

"Òótọ́ ni."

"Ó sì ti rí ẹni mú wàyí. Ó tẹ́ yín lọ́rùn?"

Noreen di etí àpótí ẹlẹ́rìí mú.

"Sà, àbúrò mi nìyẹn. Èmi ni mo kọ́ ọ bó ṣe ń rìn. Kò sí nǹkan tó tẹ́ mi lọ́rùn níbí yìí. Ṣùgbọ́n wọ́n sọ fún mi nígbà kan, nínú ilé yìí náà, pé kò sẹ́ni tó mọ̀. Mi ò lè jẹ́ kí wọ́n tún sọ ọ́ fún ìyàwó Gareth. A mọ̀. Èmi mọ̀, Roland náà mọ̀."

Wọ́n dá iléeṣẹ́ Bagshaw lẹ́bi. Ẹjọ́ náà kò ṣòro fún àwọn ará ìlú méjìlá tí wọ́n yàn láti dá a: ọ̀gá kan, dúrọ́ọ̀ kan, lẹ́tà kan. Roland kò lọ sẹ́wọ̀n, nítorí iléeṣẹ́ ni òfin náà ń mú, kì í ṣe èèyàn. Owó ìtanràn náà ju ohun tí ọgbà lè san lọ. Wọ́n pàṣẹ pé kí iléeṣẹ́ kéde ẹ̀bi rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti kó àwọn ayùn lọ, wọ́n sì ti géètì pa títí láé.

Tamsin Heathcote bá Noreen ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà tí lọ́yà ọjọ́sí ti bá a sọ̀rọ̀. Noreen na ọwọ́ sí i. Tamsin ò gbà á.

"Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ sọ òótọ́. Ẹ ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ọkọ mi máa ń mu tíì yín lójoojúmọ́, ẹ̀yin sì mọ̀ pé nǹkan yẹn lè pa á." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. "Orúkọ kan lórí bébà ni wọ́n dá lẹ́bi. Ẹ wò ó, Roland ń lọ sílé rẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ta ni mo fẹ́ mú lọ sílé?"

Láti ọjọ́ yẹn, bí Tamsin bá rí Noreen níwájú, ó máa ń kọjá sí òdìkejì títì. Noreen kò dá a lẹ́bi.

Àwọn mìíràn kò dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn dúró sẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Mísíìsì O. Brockhurst ń fọ́ òkúta lọ ràì lókè lọ́hùn-ún. Àwa la wà nílé tá à ń wo tẹlifíṣọ̀n."

"Ó dùn mí, Barney."

"Kó yáa dùn yín."

Síbẹ̀, ní ọdún kan náà, Wilf Tunnicliffe, tó ní ọgbà òkúta ní ìlú kejì, pè é lórí fóònù pé kó jọ̀ọ́ wá wo nǹkan kan. Bàbá arúgbó ni, ó jẹ́ alágídí, ó sì ti máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ pé àwọn olùbẹ̀wò ìjọba ò mọ òkúta yàtọ̀ sí wàràkàṣì. Ó mú Noreen rìn yí ọgbà ká. Gbogbo férémù ló jẹ́ tuntun, ọ̀pá ìdènà wà lára gbogbo wọn, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa kun ilẹ̀ ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró sí.

"Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi ń kọ̀wé sí mi," Wilf wí. "Mo ń fi ìwé wọn dáná. Ṣùgbọ́n mo ka ti Roland nínú ìwé ìròyìn. Mo mọ Roland. Kì í ṣèèyàn burúkú, kò burú jù mí lọ. Ẹ̀rù bà mí, kí n má purọ́."

"Ẹ̀rù náà dáa, Wilf."

"Ṣé ẹ̀rù ń bà wọ́n ní Brockhurst?"

Noreen wo àwọn férémù náà lọ títí. "Mi ò rò bẹ́ẹ̀," ó wí.

Òun àti Roland kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún kan àti oṣù mẹ́rin. Ìyàwó Roland ló ń sọ bó ṣe ń ṣe fún un: ó ti ń wa ọkọ̀ ẹrù fún ẹlòmíì, kì í jẹun dáadáa, kì í gba ìsàlẹ̀ odò kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday kan, Noreen ṣílẹ̀kùn, ó bá a lórí pèpéle. Òjò ti pa á. Kò sọ pé òun wá tọrọ àforíjì, Noreen náà kò bi í léèrè.

"Mo lọ sí ibojì Gareth," ó wí. "Tamsin wà níbẹ̀. Ó ní kí n kúrò. Mo kúrò."

"Wọlé."

"Noreen wa, ká ní o sun lẹ́tà yẹn, ǹ bá ṣì ní ọgbà mi. Mo máa ń rò ó." Ó fi ọwọ́ nu òjò kúrò lójú. "Lẹ́yìn náà màá wá rò ó pé ọjọ́ wo ni ǹ bá tún lè wo ojú rẹ."

"Wọlé, Roland. Oúnjẹ wà lórí iná."

Ó jẹ páì ẹran àti pòtétò, ó tún bù sí i. Wọn kò mẹ́nu kan ọgbà mọ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà tó ń lọ, ó tún ilẹ̀kùn kọ́ńbọ́ọ̀dù kan tó ti ń dún ṣe fún un, nítorí kò mọ nǹkan mìíràn tó lè ṣe.

Ní ìgbà ìwọ́wé ọdún 2016, èèyàn kú ní Brockhurst. Awakọ̀ kan láti Poland ni, Zbigniew Wrona, ó ti ń gbé Monkdale fún ọdún mẹ́sàn-án. Ọkọ̀ ńlá tó ń wà yí ṣubú láti etí ọ̀nà tí kò ní ògiri ààbò tó tó. Brockhurst kó ìwé jáde lọ́jọ́ kejì: ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ìwé àyẹ̀wò, ìwé ìlànà, gbogbo rẹ̀ ní ìfọwọ́sí àti ọjọ́. Ọ̀gbẹ́ni Pargeter, olùbẹ̀wò ìjọ́sí, sọ fún Noreen nígbà tó pè é pé òun ò tíì rí ìwé tó pé tó bẹ́ẹ̀ rí. Ohùn rẹ̀ kò dùn nígbà tó ń sọ ọ́.

Ìyàwó Zbigniew, Halina, kò mọ ẹnikẹ́ni tó lè bá òun lọ síbi ìwádìí ikú ọkọ rẹ̀. Noreen lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, ó sì sọ fún un pé òun á bá a lọ. Roland ló fi ọkọ̀ gbé wọn lọ. Ó dúró sẹ́yìn nínú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ó ní òun á dúró títí dìgbà tí wọ́n bá ṣetán, bó ti wù kó pẹ́ tó.

Àwọn obìnrin méjèèjì jókòó lórí bẹ́ǹṣì níta yàrá ìwádìí. Àwọn lọ́yà Brockhurst márùn-ún kọjá níwájú wọn pẹ̀lú àpótí ìwé lórí kẹ̀kẹ́. Halina ń wo àpótí náà.

"Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe òfin yẹn," ó wí. "Òfin tó ń mú kọ́ḿpìnnì. Ṣé á mú wọn?"

Noreen ronú nípa irọ́ tó lè pa fún un. Irọ́ náà pọ̀, wọ́n sì dùn.

"Mi ò mọ̀," ó wí. "Ó ti mú àwọn kékeré. Ó mú àbúrò mi tó wà nínú ọkọ̀ níta yẹn. Àwọn wọ̀nyí, wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé. Ṣùgbọ́n ìwé ò wa ọkọ̀, Halina. Ẹnì kan wà ní ibì kan tó mọ̀ pé ògiri yẹn kò tó. Bóyá akọ̀wé kan. Bóyá ẹni tó ń po tíì. Bí wọ́n bá bi wọ́n dáadáa, ẹni yẹn lè sọ̀rọ̀."

"Tí ò bá sọ̀rọ̀ ńkọ́?"

Ilẹ̀kùn ṣí, akọ̀wé ìwádìí sì pe orúkọ Zbigniew Wrona. Kò lè pè é dáadáa. Halina dìde, ó tún orúkọ ọkọ rẹ̀ pè fún un lẹ́ẹ̀mejì títí ó fi pè é bó ṣe yẹ, lẹ́yìn náà ó di Noreen lápá mú, wọ́n sì jọ wọlé.